Obìnrin Tó Ń Wá Wẹ Ọmọ

Nígbà tí Bàbá Káfíńtà kọ́kọ́ pa irọ́ náà, kò ju èyí tí èèyàn fi ń lé eṣinṣin lọ. Ìdí dráàfù ló ti pa á, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ti fẹ̀yìntì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi lé wọn wọlé. Ẹni tó bi í léèrè ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Akóròyìnjọ, nítorí pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ ní yàrá ẹnikẹ́ni, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ àwọ̀ òwú tó wà ní ìdí rẹ̀.

“Káfíńtà,” ni Akóròyìnjọ wí, ó ń ti ọmọ dráàfù rẹ̀ síwájú, “à ń gbọ́ ẹkún ọmọ láràárọ̀, a sì ń rí ìyá ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ta wá ni ń wẹ ọmọ náà?”

Àwọn tó kù gbójú kúrò lórí pákó, bí èèyàn ṣe ń ṣe tó bá ti fura sí ìdáhùn tó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu onítọ̀hún.

“Obìnrin kan ń wá,” ni Bàbá Káfíńtà dáhùn.

“Obìnrin wo?”

“Láti ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ìwọ ló kàn láti ta.”

Akóròyìnjọ ta, wọ́n jẹ ọmọ mẹ́ta mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá rò.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí obìnrin kankan. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ. Ajórinmọ́rin ni ọkùnrin náà, Wẹ́dà ni wọ́n ń pè é, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géètì àti fèrèsé onírin. Ọwọ́ rẹ̀ le bí pátákó, àpá iná wà kárí apá rẹ̀, ọwọ́ náà ló sì fi ń gbé ọmọ jòjòló sínú omi. Òfin tuntun kan ló gbé e dé ìdí rẹ̀. Òfin náà wí pé bí ìyá ọmọ bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, bàbá ọmọ lè jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta láti tọ́jú ọmọ, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó ṣe é. Kò gbọdọ̀ gba ẹlòmíì sí i, kò gbọdọ̀ gbé ọmọ fún ìyá àgbà kan kí òun wá lọ máa jórin níbòmíì. Nítorí pé àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba máa ń rán alábẹ̀wò kiri ojúlé, kì í sì í sọ ọjọ́ tí yóò wá. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, ìsinmi rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ á sì dé iwájú ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́tàn. Ní ilé iṣẹ́ àwọn Wẹ́dà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan bẹ́ẹ̀.

Òfin ìlédìí ni wọ́n ń pè é ní ìdí dráàfù.

“Ìjọba ti sọ pé ọkùnrin yóò máa tọ́ ọmọ,” ni ọ̀kan nínú wọn wí lọ́jọ́ kan. “Ṣé wọ́n ti fún wa ní ọmú?”

“Ọmú ń bọ̀,” ni Akóròyìnjọ dá a lóhùn. “Ó ṣì wà lórí tábìlì mínísítà, wọn ò tíì buwọ́ lù ú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ dráàfù fi ń gbọ̀n lórí pákó. Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí pé ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni wọn yóò wò.

Ẹni tó yẹ kó wá wẹ ọmọ náà ni ìyá ìyá rẹ̀, ìyàwó Bàbá Káfíńtà. Ó ti wọ ilẹ̀ kí ọmọ tó dé. Gbogbo àwọn ará ìdí dráàfù ló lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, á ní “nígbà tí ìyá wọn ṣì wà níbí,” bí ẹni pé ìrìnàjò ni obìnrin náà lọ tí ọkọ̀ kò sì tètè dé. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.” Ó bá a lọ. Wọ́n fún un ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ohun tí ó sì ń gbọ́ láàárọ̀ ni ìró omi.

Bí Wẹ́dà bá ti gbé bàsíà sílẹ̀ báyìí, Bàbá á mú fìlà, á sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ìtìjú náà fi ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n so ọmọ mọ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń da iná sórí irin, kó wá máa fọ ìlédìí. Lójú Bàbá, ó dà bí ẹni tó ń fi ayùn gé búrẹ́dì. Búrẹ́dì á gé, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún fi ojú ayùn wo ayùn yẹn?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní tirẹ̀ ń wa kréènì ní èbúté. Nínú yàrá onídígí kékeré kan lókè réré ni ó ń jókòó sí, tí ó ń gbé àpótí irin tó tóbi ju ilé lọ láti inú ọkọ̀ òkun, tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin sínú àwo. Wọ́n fẹ́ yan olórí àwọn awakréènì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára méjì tó kù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ mọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó bímọ, kò rí ẹni bá a gbé e, ó jókòó sílé títí wọ́n fi fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ti ní gbólóhùn kan lẹ́nu: “Obìnrin lè mọ̀ ọ́n wà o, ọmọ ni yóò pè é sọ̀kalẹ̀.” Òfin tuntun ti ń jẹ́ kí gbólóhùn náà máa há sí wọn lọ́nà ọ̀fun, nítorí pé ọmọ ti ń pe ọkùnrin pẹ̀lú sọ̀kalẹ̀. Bí Wẹ́dà bá lè parí oṣù mẹ́ta rẹ̀, wọn yóò ti yan olórí tán. Bí kò bá parí rẹ̀, ẹnìkan ní láti padà sílé, kò sì ní jẹ́ Wẹ́dà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ní alábẹ̀wò ti wọ àdúgbò yìí. Tó bá dé ibí, ẹ bá mi pe ọkọ mi. Ẹ̀yin, ẹ má sọ nǹkan kan.”

“Kí ni kí n má sọ?”

“Nǹkan kan, Bàbá mi.”

“Mo gbọ́.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Bí ó ṣe gbọ́ ọ ni ìṣòro. Etí àgbà kì í sábà dúró lórí ọ̀rọ̀. Abẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń wá lọ. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má sọ nǹkan kan, àṣírí ló ń fi sí i lọ́wọ́. Ó rò pé ìtìjú tó ń jẹ òun náà ló ń jẹ ẹ́, pé kò fẹ́ kí ará ìta mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe nílé. Ta ni kò sì ní bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí? Ní ti òfin, ó mọ̀ pé òfin wà, kò mọ̀ pé ó léyín. Gbogbo ìgbà tí tọkọtaya náà bá ti ń sọ ọ́ ni ó ń jáde kúrò nínú yàrá.

Wẹ́dà ti gun òkè ilé lọ sá aṣọ ọmọ, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá padà wọlé wá mu omi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin kan ni, báàgì lọ́rùn, eruku ìrìn lórí bàtà. Ó tẹ orúnkún díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Láti ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọ ni mo ti wá. Ẹ kú ewu ọmọ.”

“Ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹ jókòó.”

“Bàbá ọmọ ńkọ́, sà?”

“Ó wà nítòsí.”

“Ọmọ ńkọ́?”

“Òun náà wà nítòsí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú bírò jáde. “Nǹkan kékeré ni mo fẹ́ béèrè. Ta ló ń tọ́jú ọmọ yìí lójoojúmọ́? Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀?”

Ohùn Akóròyìnjọ ni Bàbá gbọ́ nínú ìbéèrè náà. Ìbéèrè kan náà ni. Ìdáhùn sì ti wà nílẹ̀, ó ti lò ó rí, ó sì ṣiṣẹ́.

“Obìnrin kan ń wá.”

Bírò dúró. “Obìnrin kan? Ṣé wọ́n gbà á síṣẹ́ ni, àbí ẹbí ni?”

“Ẹbí ni. Láràárọ̀ ló ń wá. Ọkọ ọmọ mi kì í fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á lórúkọ jẹ́ fún yín. Ọkùnrin gidi ni.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọrùn gbọọrọ, bí ẹni tó ń jẹ́rìí rere nípa ará ilé rẹ̀ níwájú adájọ́. Ọmọbìnrin náà gbé bírò kúrò lórí ìwé.

“Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn àna kan wà tó jẹ́ pé wọn ò fẹ́ràn ọkọ ọmọ wọn, wọ́n á ní obìnrin kan ń wá, kí wọ́n lè kó o sí wàhálà. N kò lè kọ ohun tí kò dá mi lójú. Obìnrin yìí, báwo ló ṣe rí? Báwo ló ṣe ń wẹ ọmọ?”

Bàbá gbọ́ “kò fẹ́ràn ọkọ ọmọ” àti “kò dá mi lójú,” inú sì bí i. Bí inú ṣe bí i, kò dúró ronú sí ọ̀rọ̀ wàhálà tó wà láàárín méjèèjì. Kò sí ẹni tó pè é ní onírọ́ rí ní gbogbo ọdún tó fi lo òòlù àti ayùn. Ṣùgbọ́n káfíńtà kì í fi afẹ́fẹ́ kan àga. Ó ní láti mú pákó láti ibì kan. Ó na ọwọ́, ó sì mú èyí tó sún mọ́ ọn jù.

“Kò ga,” ni ó wí. “Ó dúdú. Ó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kó tó jókòó. Omi tútù ló ń kọ́kọ́ dà sínú bàsíà, kì í jẹ́ kí gbígbóná ṣáájú láéláé. Ìgbúnwọ́ ló fi ń tọ́ ọ wò. Ó ní ọwọ́ máa ń purọ́. Á wá na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà jà. Á ní, ‘Ta ló kó ìdọ̀tí pamọ́ sábẹ́ ọrùn yìí? Ìwọ ni. Ṣé èmi ni n óò jẹ́jọ́ rẹ̀?’ Ọmọ á máa wò ó. Kì í yára. Bí ilé ń jó, kò ní yára. Tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á wé e láṣọ, á gbóòórùn àárín orí rẹ̀, á wá ní, ‘Ẹ gbé e lọ, ó ti jinná.’”

Kò mọ bí òun ṣe sọ̀rọ̀ pẹ́ tó. Nígbà tí ó gbójú sókè, Wẹ́dà wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, bàsíà òfìfo lọ́wọ́. Ìgbà tó ti débẹ̀, Bàbá kò mọ̀.

Alábẹ̀wò yí padà. “Ẹ̀yin ni bàbá ọmọ?”

“Èmi ni, mà.”

“Ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀yìn yín ni mo bá ọmọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ìbátan yín obìnrin kan ń wá tọ́jú rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ti sọ bó ṣe ń ṣe é fún mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Wẹ́dà wo ojú Bàbá. Ohun tí ó rí níbẹ̀, kò rí i níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bo ilẹ̀ mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó rọra gbé bàsíà kalẹ̀.

“Bí Bàbá bá ti wí i,” ni ó wí, “bẹ́ẹ̀ náà ni.”

“Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò kọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó ní ó dun òun, pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, pé ọ́fíìsì ni yóò kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ohun tí ọ̀gá bá sì ṣe kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Ó kí Bàbá, ó jáde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Kí ló dé tó ní kí o padà sẹ́nu iṣẹ́?” ni Bàbá béèrè.

Wẹ́dà sọ fún un. Kò fi igi gún ọ̀rọ̀ náà lójú, kò sì fi oyin sí i. Òun nìkan ni òfin fẹ́ kó máa ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí obìnrin kan bá ti ń wá, ẹlẹ́tàn ni òun. Bí wọn kò bá lé òun kúrò níbi iṣẹ́, wọn yóò dá òun padà sí ìdí irin lọ́la. Ọmọ kò sì lè dá gbé ilé.

“Ìyàwó rẹ ńkọ́?”

“Òun ni yóò padà wálé, sà.”

“Àti ipò tí wọ́n fẹ́ fún un?”

Wẹ́dà ń tú ọ̀já.

“O dúró, o ń gbọ́,” ni Bàbá wí. “Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?”

“Kí n ní kí ni, Bàbá? Kí n ní irọ́ ni bàbá ìyàwó mi ń pa, níwájú àlejò?” Ó gbé ọmọ sọ́wọ́, ó ń fi àtàńpàkò nu itọ́ rẹ̀. “Àti pé Màmá lẹ ń sọ. Láti ìgbà tí ẹ ti wọ ilé yìí, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ wọn tó ìyẹn rí. N kò lè já a gbà lẹ́nu yín.”

Bàbá Káfíńtà jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Ìgbà náà ni òun alára ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí òun ti ń sọ. Ó dìde. Kò mú fìlà. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé obìnrin náà yóò ti wọ ọkọ̀.

Kò tíì wọ ọkọ̀. Akóròyìnjọ ló dá a dúró ní ìdí dráàfù. Ó ti dìde fún un, ó ti mú ọwọ́ sẹ́yìn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni ó ń wí, “obìnrin yẹn tó ń wá wẹ ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àná yìí ló kí mi. Obìnrin pupa gíga kan.”

“Pupa?” ni alábẹ̀wò wí. “Bàbá òkè ní ó dúdú, pé kò ga.”

“Tó bá ń bọ̀ láàárọ̀ ni ó pupa, mà. Tó bá fi máa padà, oòrùn á ti pa á.”

“Gíga rẹ̀ ńkọ́? Oòrùn náà ló dín in kù?”

Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣí báàgì, ó tún ti mú bírò jáde. Ẹlẹ́rìí ti di méjì.

“Akóròyìnjọ,” ni Bàbá Káfíńtà wí, “o kò rí ẹnikẹ́ni.”

“Fọkàn balẹ̀, Káfíńtà, mo ti bá ọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀—”

“Mo ní o kò rí ẹnikẹ́ni.”

Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. “Obìnrin tí mo sọ bó ṣe rí fún yín lókè, ìyàwó mi ni.”

“Ìyàwó yín? A jẹ́ pé inú ilé yìí ló ń gbé nìyẹn.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìyẹn náà.

Bàbá rí i pé gbogbo ìgbésẹ̀ tí òun bá gbé, inú ẹrẹ̀ náà ni òun ń wọ̀ sí i. “Kò wẹ ọmọ yìí rí,” ni ó wí. “Kò fojú kàn án rí.”

“Bàbá, ọ̀rọ̀ yín kò yé mi.”

Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Èyíkéyìí nínú wọn lè bá a sọ ọ́, ì bá sì ti tán. Wọ́n gbójú lé pákó dráàfù; ẹrù náà kì í ṣe tiwọn láti rù.

“Ó ti kú,” ni Bàbá Káfíńtà wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jáde tán, kò sí ohun tó wó. Ọmọdékùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lójú títì, àgogo kẹ̀kẹ́ náà sì ń dún.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni ọmọbìnrin náà wí. Lẹ́yìn náà, nítorí pé iṣẹ́ ni iṣẹ́: “Ta ló wá ń wẹ ọmọ?”

“Bàbá rẹ̀ ni. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ ìlédìí, òun ló ń pọ̀n ọ́n rìn káàkiri tó bá ń ké. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́. Mo tijú rẹ̀ ni mo fi parọ́. Mo parọ́ fún àwọn wọ̀nyí, mo wá parọ́ fún yín.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò fi ìdí bírò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, lókè ẹ sọ ọ̀kan, nísàlẹ̀ ẹ sọ òmíràn. Ẹ̀gbọ́n níbí tún sọ tirẹ̀. Èwo ni kí n mú lọ sí ọ́fíìsì?” Ó rò ó díẹ̀. “N óò padà gòkè. Ẹ̀yin, ẹ jókòó síbí. Ẹ má tẹ̀lé mi, ẹ má sì pè é láti ìsàlẹ̀.”

Ó gòkè lọ. Bàbá jókòó. Ìgbà náà ni ẹ̀rù gidi tó wá bà á. Ó mọ irú ọkọ tí ọmọ òun fẹ́. Ọkùnrin tó ní “bí Bàbá bá ti wí i” níwájú alábẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan, yóò tún un wí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Yóò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀, yóò fi ọ̀wọ̀ ri gbogbo wọn sómi. Bí òun bá lè kígbe gbólóhùn kan péré sókè, “Sọ òótọ́ fún un, ọmọ mi,” ọ̀rọ̀ yóò tán. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

“Ṣé ká máa ta nìṣó?” ni ẹnìkan béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ má ta nǹkan kan,” ni Akóròyìnjọ wí.

Ọmọ ké lókè, ó sì dákẹ́. Bàbá gbọ́ ìró omi. Ohun tí ó ti ń sá fún láràárọ̀, ó na etí sí i báyìí bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tó da omi náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbóná jù. Ó rí i pé kò sí nǹkan kan nínú iṣẹ́ náà tí òun lè sọ bó ṣe ń lọ nínú ilé tí òun ń sùn sí.

Nígbà tí alábẹ̀wò sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò sọ ohunkóhun. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

“Mo bi í léèrè,” ni ó wí. “Ó ní bí Bàbá bá ti wí i, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Bàbá ti yí ọ̀rọ̀ padà nísàlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹn.”

Ẹnìkan fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Káfíńtà di ojú.

“Mo rí i pé n kò ní rí nǹkan kan gbà lẹ́nu rẹ̀, mo bá jókòó. Ọmọ yàgbẹ́ sára. Ó tọ́jú rẹ̀.” Ó ṣí ìwé rẹ̀. “Bàbá, ilé tí mo ti wọ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkùnrin tó bá ń ṣe é nítorí tèmi, ojú mi ló máa ń wò, kó lè mọ̀ bóyá mo rí i. Ọkọ ọmọ yín gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe é tán tó yíjú, mo bá a lójijì.”

Ó fa ìlà méjì gba orí ohun tó ti kọ. Ó kọ òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kà á sókè fún wọn pé bàbá ọmọ ni ń tọ́jú ọmọ, àti pé ìsinmi rẹ̀ dúró.

“Alábẹ̀wò mìíràn lè wá o,” ni ó wí bí ó ṣe ń dìde. “Ó lè má gbé báàgì bíi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá.”

“Mo gbọ́,” ni Bàbá wí. Lọ́tẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló gbọ́ ọ.

Ó lọ tán, Akóròyìnjọ sì sún mọ́ Bàbá.

“Káfíńtà. Wẹ́dà gan-an?”

“Òun ni.”

“Tó ga tó yẹn. Tó ń pọ̀n ọ́n.”

“Ó ń pọ̀n ọ́n.”

“Ìyàwó ọmọ tèmi yóò bímọ kí ọdún tó tán,” ni Akóròyìnjọ wí, ó ń to ọmọ dráàfù tí kò dàrú. “Kò sí nǹkan kan. Mo kàn sọ ọ́ ni.”

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ẹni tó ń wẹ ọmọ, Bàbá Káfíńtà á sọ fún un, ìbáà jẹ́ ẹni tó wá wo mítà iná, ìbáà jẹ́ àlejò tó ṣìnà. Ta ló mọ èyí tó jẹ́ alábẹ̀wò nínú wọn? Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó korò ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ojúlé ilé rẹ̀. Wọ́n yan olórí ìdí kréènì, wọ́n sì yan ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì wà níwájú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbẹ̀wò náà, ọmọ rẹ̀ dé láti èbúté, akoto iṣẹ́ lábẹ́ apá. Akóròyìnjọ ti pàdé rẹ̀ ní géètì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, kò wọlé.

“Mo ní kí ẹ má sọ nǹkan kan.”

“Mo sọ ọ́,” ni Bàbá wí. “Mo sì lọ tún un sọ. Ó ti tán.”

“Wọ́n ti sọ fún mi.” Ó gbé akoto náà láti apá kan sí èkejì. “Wọ́n ní ẹ sọ ti Màmá.”

“Mo sọ pé ó ti kú.”

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ó tú okùn bàtà kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ béèrè láti ilé ìdáná pé ta ló wọlé. Ó ní òun ni.

“Kí lẹ tún sọ nípa wọn?” ni ọmọ náà béèrè.

“Ó pọ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Bọ́ bàtà rẹ ná.”